Impeach: Ẹ̀sùn Ni, Kì í Ṣe Ìdájọ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra ìdánwò sílẹ̀, ẹ fà mọ́ rédíò dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni a máa tú palẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Òun ni impeach.

Kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ rí ní orílẹ̀-èdè yìí. Bí ìjà bá ti dé láàárín gómìnà àti àwọn aṣòfin, ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn akọ̀ròyìn máa ń kọ́kọ́ gbé sórí afẹ́fẹ́. Àwa náà sì ti ní bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Yorùbá: wọ́n yọ gómìnà nípò, wọ́n yẹ àga mọ́ ọn nídìí. Ìtumọ̀ yẹn ti mọ́ wa lára débi pé bí ọmọ ilé-ìwé bá ṣí ìwé òfin, tó rí i níbẹ̀ pé lọ́yà kan fẹ́ impeach ẹlẹ́rìí, ńṣe ló máa dúró, tí á máa ronú pé ipò wo ni ẹlẹ́rìí wà tí wọ́n fẹ́ yọ ọ́ kúrò. Ẹlẹ́rìí kò jẹ oyè kankan. Ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tó dúró sí ni pé kí adájọ́ gba ohun tó sọ gbọ́. Ohun yẹn gan-an sì ni ẹni tó fẹ́ impeach rẹ̀ fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtumọ̀ rẹ̀ bó ṣe yé mi. Ẹni tó bá impeach ènìyàn ti fẹ̀sùn kàn án níwájú ẹni tó lè dájọ́, pé ènìyàn yìí kò yẹ ní ẹni tí à ń fọkàn tán. Ẹ̀sùn ni. Ìdájọ́ ṣì ń bọ̀. Ẹnìkan ló ń fẹ̀sùn kàn, ẹlòmíràn ló ń gbọ́ ọ, tó sì ń dá a. Ibi tí wọ́n bá ti da iṣẹ́ méjèèjì yìí pọ̀, ìbáà jẹ́ ilé aṣòfin, ìbáà jẹ́ kóòtù, ẹ lọ wò ó níbẹ̀, aláìṣẹ̀ ló máa ń jìyà.

Bí a ṣe ń pè é kò ní gbà wá lákòókò. Apá kejì ọ̀rọ̀ náà ni ohùn ń wúwo lé. Lẹ́tà méjì tó gbẹ̀yìn rẹ̀ sì dà bíi ti church, kì í ṣe bíi sh inú sheep, bí púpọ̀ nínú wa ṣe máa ń pè é.

Láti inú èdè Látìnì ló ti wá. Pedica ni wọ́n ń pe ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n ń kó sí ẹlẹ́wọ̀n lẹ́sẹ̀, impedicare sì ni kí wọ́n kó ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ náà sí i lẹ́sẹ̀ kó má lè rìn. Àwọn Faransé gbà á, wọ́n sọ ọ́ di empechier. Ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ ń gbọ́ wa láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, empêcher tí ẹ ń sọ lójoojúmọ́ nígbà tí nǹkan bá dí yín lọ́wọ́, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti impeach. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí wọ́n impeach ṣì wà lórí ìdúró. Ohun tí wọ́n ṣe fún un ni pé wọ́n dá a dúró, kó lè wá sọ tẹnu rẹ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló mú ọ̀rọ̀ náà wọ inú ìṣèlú. Ní ọdún 1376, nígbà ayé Ọba Edward Kẹta, àwọn aṣojú ará ìlú nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́ kan ìjòyè kan tó ń jẹ́ William Latimer. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ló dá ẹjọ́ náà. Àwọn ọlọ́lá tó wà ní ilé kejì ló gbọ́ ọ. Ètò yìí ni àwọn ará Amẹ́ríkà mú nígbà tí wọ́n ń kọ òfin tiwọn: ilé aṣojú-ṣòfin ni yóò impeach, ilé àgbà ni yóò dájọ́. Ní ọdún 1868, wọ́n impeach Ààrẹ Andrew Johnson. Nígbà tó dé ilé àgbà, ènìyàn 35 ní ó jẹ̀bi, 19 ní kò jẹ̀bi. Òfin ń fẹ́ 36. Ìbò kan ṣoṣo ló kù, Johnson sì lo sáà rẹ̀ tán. Wọ́n impeach Bill Clinton ní ọdún 1998, wọ́n impeach Donald Trump ní 2019, wọ́n tún un ṣe ní 2021. Ilé àgbà dá wọn láre lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Richard Nixon tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé impeachment ló lé lọ, òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé fipò sílẹ̀ nínú oṣù kẹjọ ọdún 1974, kí ilé aṣojú-ṣòfin tó dìbò láti impeach rẹ̀. Títí di òní, kò sí ààrẹ Amẹ́ríkà kan tí impeachment yọ kúrò lórí àga.

Ẹ wá padà sílé. Nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, abala 143 ló sọ bí a ṣe lè yọ ààrẹ, abala 188 ló sọ ti gómìnà. Ẹ ka abala méjèèjì láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ kò ní rí impeach níbẹ̀. Removal ni òfin sọ, ìyẹn ìyọkúrò. Orúkọ impeachment wà níbòmíràn nínú ìwé kan náà, ní abala 146 àti 191, níbi tí òfin ti ń ka àwọn ohun tó lè mú kí àga ṣófo. Ṣùgbọ́n níbi tí ó ti ń la ọ̀nà sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, kò lò ó.

Ṣé ìyàtọ̀ kékeré ni? Kì í ṣe kékeré rárá, ìlú Ìbàdàn sì lè jẹ́rìí sí i. Nínú oṣù kìíní ọdún 2006, àwọn aṣòfin 18 nínú 32 tó wà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kéde pé àwọn ti yọ Gómìnà Rashidi Ladoja. Hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti ṣèpàdé, kì í ṣe gbọ̀ngàn ilé aṣòfin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ṣe ìṣirò yìí. Òfin ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 32 lé ní 21, ènìyàn kò sì ṣeé gé sí wẹ́wẹ́, ìyẹn ni pé ó kéré tán, 22 ni òfin ń fẹ́. 18 kò dé ibẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n búra fún igbákejì rẹ̀, Adébáyọ̀ Alao-Akala, ìjọba sì yí padà fún oṣù mélòó kan.

Ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, wọ́n sì dá a nínú oṣù kejìlá ọdún 2006 kan náà, pé ìyọkúrò náà kò bá òfin mu. Ladoja padà sórí àga. Inakoju àti Adeleke ni àwọn lọ́yà ń pe ẹjọ́ náà títí di òní. Adájọ́ Niki Tobi, tó kọ ìdájọ́ àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, fara balẹ̀ dúró lórí ọ̀rọ̀ tí à ń yẹ̀ wò yìí. Ó ṣàkíyèsí pé gbogbo àwọn tó wá síwájú òun ló ń lo impeachment fàlàlà, bẹ́ẹ̀ òfin kò lò ó ní abala 188. Ó ní kí a má fi í rọ́pò ìyọkúrò tí òfin sọ.

Ẹ wo bí abala 188 ṣe to iṣẹ́ náà. Àwọn aṣòfin tí kò dín ní ìdá kan nínú mẹ́ta yóò kọ̀wé ẹ̀sùn, wọn yóò fọwọ́ sí i. Wọn yóò mú ẹ̀dà rẹ̀ fún gómìnà, kó lè fèsì. Ilé yóò dìbò bóyá kí wọ́n ṣèwádìí. Nígbà náà ni adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ yóò yan ènìyàn méje tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, tí kì í ṣe aṣòfin, tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, àwọn tí kò sí ẹni tó lè kọminú sí ìwà òtítọ́ wọn. Àwọn méje yìí ló máa gbọ́ ẹjọ́. Bí wọ́n bá ní ẹ̀sùn náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó parí síbẹ̀, ilé aṣòfin kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú. Àárín ẹ̀sùn àti ìyọkúrò ni òfin fi àwọn ènìyàn méje náà sí. Àwa ní tiwa, a ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbé ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin mọ́ra wọn, tó fi jẹ́ pé bí a bá ti gbọ́ pé wọ́n ti kọ̀wé ẹ̀sùn, lójú wa, gómìnà ti lọ nìyẹn.

Ó tó bẹ́ẹ̀ fún ti òṣèlú. Kóòtù ni ọkàn mi wà lónìí.

Òfin ẹ̀rí wa, Evidence Act ti ọdún 2011, lo impeach ní abala 233. Ó sọ ọ̀nà tí wọ́n lè gbà mú kí adájọ́ má fọkàn tán ẹlẹ́rìí. Èkínní ni pé kí àwọn tó mọ ẹlẹ́rìí náà wá sọ pé, gẹ́gẹ́ bí àwọn ṣe mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣeé gbà. Èyí ṣọ̀wọ́n. Èkejì ni pé kí wọ́n fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n fún un ní rìbá kó lè jẹ́rìí, tàbí pé ó gbà láti gba rìbá. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ẹ máa bá pàdé jù ní kóòtù: kí wọ́n fi hàn pé ohun tó ń sọ lónìí kò bá ohun tó ti sọ tẹ́lẹ̀ mu.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ wò ó. Ká ní ọkọ̀ kan gbá ọlọ́kadà kan ní oríta, ẹjọ́ sì dé kóòtù. Ìyá kan tó ń ta aṣọ nítòsí ibẹ̀ wá jẹ́rìí. Ó ní, “Ojú mi báyìí ló ṣe. Mo rí i tí awakọ̀ yẹn kò dúró nígbà tí iná pupa tàn.” Lọ́yà awakọ̀ dìde. Bí kò bá mọ iṣẹ́, ohun tó máa ṣe ni pé yóò pariwo mọ́ ìyá náà pé irọ́ ló ń pa. Èyí tó mọ iṣẹ́ kò ní pariwo.

“Mà, ẹ kú ìdúró. Ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ kejì, àbí?”

“Mo lọ, sà.”

“Ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀ fún wọn, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n kà á sí yín létí?”

“Wọ́n kà á.”

“Ẹ wá fọwọ́ sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé yìí. Ṣé ọwọ́ yín nìyí?”

“Ọwọ́ mi ni.”

“Ẹ bá mi wo ìlà kẹta. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé, ‘Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo wà. Ìró ni mo gbọ́ tí mo fi sáré jáde.’ Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀?”

Gbogbo kóòtù á dákẹ́. Ṣé ẹ rí i pé lọ́yà náà kò bú u, kò sì pè é ní onírọ́? Ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá náà fúnra rẹ̀ ló gbé kalẹ̀ níwájú adájọ́. Abala 232 ló kọ́ ọ ní ọ̀nà yìí. Bí lọ́yà bá fẹ́ fi ìwé tako ẹlẹ́rìí, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe àkíyèsí ẹlẹ́rìí náà sí ibi tó fẹ́ lò gan-an nínú ìwé náà. Kì í ṣe kó fi ìwé pamọ́, kí ẹlẹ́rìí kúrò níbẹ̀ tán kó tó yọ ọ́. Ẹni tí wọ́n fẹ́ kó ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí lẹ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ rí i kedere, kó sì ní àyè láti sọ tẹnu rẹ̀.

Ìyá náà sì lè ní ohun tó máa sọ. Bóyá ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló wà, tí ọlọ́pàá kọ “inú ṣọ́ọ̀bù.” Bóyá èdè tó fi sọ̀rọ̀ àti èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ kò bára mu. Ẹni tó bá ti jókòó níwájú ọlọ́pàá tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ohun tí òun ń fi Yorùbá sọ yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe àwáwí. Ìdí nìyẹn tí àwọn adájọ́ wa fi ń ya àìbáramu kékeré sọ́tọ̀ kúrò lára ìtakora gidi. Bí ẹnìkan bá ní aago méjì ni, tí ẹlòmíràn ní aago méjì kọjá díẹ̀, ìyẹn kò ba ẹ̀rí jẹ́. Àní bí gbogbo ẹlẹ́rìí bá ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà láìyẹ̀ ẹyọ kan, ó lè mú adájọ́ fura pé wọ́n ti jọ kọ́ ọ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹlẹ́rìí bá ní òun rí i lójú òun, tí òun kan náà sì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun kò sí níbẹ̀, tí kò sì sí àlàyé, adájọ́ kò lè mú èyí tó wù ú nínú méjèèjì. Láti ìgbà ẹjọ́ Onubogu ní ọdún 1974 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti tẹnu mọ́ ọn pé àwọn tó pe ẹlẹ́rìí ló gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìtakora bẹ́ẹ̀, kì í ṣe kí adájọ́ fúnra rẹ̀ máa wá àlàyé bá wọn.

Bí ẹ bá ń wá ọjọ́ kan tí wọ́n impeach ẹlẹ́rìí tí gbogbo ayé fi ń sọ ọ́, ẹ bá mi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ọdún 1889. Ní oṣù kẹrin ọdún 1887, ìwé ìròyìn The Times gbé lẹ́tà kan jáde tí wọ́n ní Charles Parnell, olórí àwọn aṣòfin ilẹ̀ Ireland, ló kọ. Lẹ́tà náà fẹ́ fi hàn pé ó fara mọ́ ìpànìyàn tó ṣẹlẹ̀ ní Phoenix Park, Dublin, ní ọdún 1882. Parnell ní ayédèrú ni. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ adájọ́ mẹ́ta kalẹ̀. Ẹni tí lẹ́tà náà àti àwọn mìíràn bíi rẹ̀ ti ọwọ́ rẹ̀ wá, Richard Pigott, jáde wá jẹ́rìí nínú oṣù kejì ọdún 1889. Ó ní òun kàn bá wọn wá a rí ni.

Lọ́yà Parnell, Charles Russell, kò tètè béèrè ohunkóhun nípa lẹ́tà. Ó fún Pigott ní bébà àti kálámù, ó ní kó bá òun kọ ọ̀rọ̀ mélòó kan sílẹ̀. Ó kà wọ́n fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, Pigott ń kọ ọ́: livelihood, likelihood, orúkọ tirẹ̀, àti àwọn mìíràn. Nígbà tó dà bí ẹni pé ó ti tán, Russell tún ní kó kọ hesitancy kún un. Pigott kọ ọ́, ó dá bébà padà. Ó ti kọ “e” síbi tó yẹ kí “a” wà. Nínú ọ̀kan lára àwọn lẹ́tà tí wọ́n ní Parnell kọ, ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú “e” náà ní ibi kan náà.

Russell kò dá a dúró síbẹ̀. Ó bi Pigott bóyá ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé The Times fẹ́ gbé ẹ̀sùn jáde lórí Parnell. Pigott ní òun kò mọ̀. Russell wá yọ lẹ́tà kan tí Pigott fúnra rẹ̀ kọ sí Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Walsh ti Dublin, ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta ọdún 1887, kí ìwé ìròyìn náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀rọ̀ náà jáde rárá. Nínú rẹ̀ ló ti ń kìlọ̀ fún bíṣọ́ọ̀bù nípa ohun tó ń bọ̀ wá bá Parnell. Wọ́n ń kà á sí i létí ní gbangba, kò rí èsì fọ̀. Nígbà tí wọ́n tún pè é láti wá máa bá ẹ̀rí rẹ̀ lọ, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti jẹ́wọ́ ayédèrú náà, ó ti sá lọ sí Madrid, ó sì pa ara rẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé bá a. The Times san 5,000 pọ́n-ùn fún Parnell.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ rí nínú ìtàn yìí ni pé Russell kò mú ẹlòmíràn wá láti sọ pé Pigott burú. Ọwọ́ Pigott ló kọ hesitency, ọwọ́ rẹ̀ ló kọ lẹ́tà sí bíṣọ́ọ̀bù. Lọ́yà náà kàn to wọ́n kalẹ̀ níwájú àwọn tó máa dájọ́ ni.

Bí ẹ ṣe máa lò ó nìyí. Ohun tí a ń impeach ni ènìyàn, tàbí ohun tí ènìyàn fi ń jẹ́ ẹni à ń gbàgbọ́: ẹlẹ́rìí, ẹ̀rí rẹ̀, ìwà rẹ̀, ìdí tó fi ń ṣe ohun tó ń ṣe. Ẹ lè sọ pé “Counsel impeached the witness with her earlier statement.” Ẹ lè sọ pé “His motives were never impeached,” ìyẹn ni pé kò sí ẹni tó kọminú sí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. A tún lè impeach àkọsílẹ̀ kóòtù. Ní Nàìjíríà níbí, bí ẹ bá ní ohun tí wọ́n kọ sínú àkọsílẹ̀ ìgbẹ́jọ́ yín kọ́ ni ó ṣẹlẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ búra sí i nínú ìwé tí à ń pè ní affidavit, àtakò ẹnu lásán kò tó. A kì í impeach irọ́, a kì í impeach olè jíjà. Bí a bá fẹ́ sọ ẹ̀ṣẹ̀ tó fa ẹ̀sùn, for ló máa ń tẹ̀ lé e: “impeached for gross misconduct.”

Àwọn ọ̀rọ̀ kan súnmọ́ ọn tí ẹ kò gbọ́dọ̀ kó pọ̀ mọ́ ọn. Impugn jọ ọ́ gan-an. Ìjà ni ìpìlẹ̀ tirẹ̀ ní Látìnì, ẹnikẹ́ni sì lè lò ó níbikíbi, nínú àpilẹ̀kọ, nínú àríyànjiyàn, láìsí adájọ́ kankan níbẹ̀. G inú rẹ̀ kì í dún. Contradict kò ju kí a sọ òdìkejì ohun tí ẹnìkan sọ. Discredit ni èyí tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún jù, nítorí òpin iṣẹ́ ni òun. Ẹlẹ́rìí tí wọ́n discredit ti bọ́ lójú adájọ́. Ẹni tí wọ́n impeach ṣì lè borí. Ẹlẹ́rìí tí wọ́n da ìbéèrè bò láti àárọ̀ dé ọ̀sán, tí kò yẹ̀, tí adájọ́ sì gba ẹ̀rí rẹ̀ wọlé, wọ́n gbìyànjú láti impeach rẹ̀, wọn kò rí i discredit. Ẹni tí kò sí ibi tí a lè gbà mú un rárá ni à ń pè ní unimpeachable. Ó dùn mí bí àwọn ìwé ìròyìn ṣe ń fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣòfò. Wọ́n á ní “unimpeachable source” ló sọ fún àwọn, wọn kò sì ní dárúkọ onítọ̀hún. Ẹni tí a kò mọ̀, tí a kò lè bi léèrè, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé kò ṣeé impeach?

Mo ti sọ pé ẹ̀sùn ni impeach. Ẹ̀sùn sì ní ààlà. Òfin ẹ̀rí wa ní lọ́yà kò gbọ́dọ̀ béèrè ohun tó máa tàbùkù ẹlẹ́rìí àfi tó bá ní ìdí gidi láti gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó fún adájọ́ láṣẹ láti dá ìbéèrè tó jẹ́ èébú lásán dúró. Ṣùgbọ́n ibi kan wà tí òfin àtijọ́ ti kùnà, ó sì pẹ́ kí a tó tún un ṣe. Nínú òfin ẹ̀rí tí a ń lò kí ti 2011 tó dé, bí wọ́n bá ń ṣẹjọ́ ọkùnrin kan pé ó fipá bá obìnrin lò pọ̀, àyè wà fún un láti fi hàn pé oníwàkíwà ni obìnrin náà, kí adájọ́ má baà gbà á gbọ́. Inú abala kan náà tó sọ̀rọ̀ rìbá àti ìtakora ni wọ́n kọ ọ́ sí, bí ẹni pé ọkùnrin tí obìnrin bá rìn rí ń sọ bóyá òótọ́ tàbí irọ́ ló ń pa nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ìwà ìkà ni. Ẹni tó ti jìyà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tún wá tú ìgbésí ayé rẹ̀ síta níwájú èrò. A kò lè ka iye ọmọbìnrin tó máa ti gbọ́ èyí tó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́ sílé.

Òfin ọdún 2011 yọ gbólóhùn yẹn kúrò, ó sì fi abala 234 sílẹ̀. Lónìí, nínú ẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀, lọ́yà olùjẹ́jọ́ kò lè ṣàdédé bi obìnrin nípa ohun tó pa òun àti ọkùnrin mìíràn pọ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ adájọ́. Bí adájọ́ kò bá yọ̀ǹda, ìbéèrè náà kò gbọ́dọ̀ wáyé. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń bẹ̀rù kóòtù nítorí ohun tí wọ́n lè bi í, ẹ sọ èyí fún un, ẹ sì bi lọ́yà yín nípa abala 234 kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó pé.